Òkété àti Oúnjẹ Ọ̀sán Àwọn Nọ́ọ̀sì

Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó dé ẹ̀yìn ilé ìwòsàn àwọn ẹranko, ó gbóòórùn dòdò, ó dúró. Ó bá Òkété níbẹ̀. Òkété ti ń fa imú tirẹ̀ tipẹ́.

Ẹ̀gún ló gún Òkété lẹ́sẹ̀ tó fi dèrò ilé ìwòsàn. Wọ́n yọ ẹ̀gún, ẹsẹ̀ san, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ni afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti inú ahéré kékeré tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń jẹun. Dòdò! Ó tún fa imú. Ẹja yíyan, pẹ̀lú àlùbọ́sà! Kíá, ẹsẹ̀ tó ti san tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

"Yéè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣì sùn síbí."

Àṣà kan wà nílé ìwòsàn yìí. Bí oòrùn bá kan àtàrí, nọ́ọ̀sì kan á dúró ti àwọn aláìsàn, èkejì á lọ jẹun, á na ẹ̀yìn díẹ̀, á sì wá gba ipò ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í pe ẹni tó ń jẹun. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń pè. Ẹfọ̀n ni olórí nọ́ọ̀sì. Àgbọ̀nrín ni èkejì rẹ̀, aboyún ni, ọmọ inú rẹ̀ sì ń béèrè oúnjẹ bí agbowó-orí.

Òkété ronú. Bí wọ́n bá ń gbapò ara wọn báyìí, ìgbà wo ni ahéré máa ṣófo? Ló bá tọ Kìnnìún ọba lọ. Eyín ń dun Kìnnìún, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

"Kábíyèsí, ẹ ò gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Àwọn nọ́ọ̀sì yín ń jẹun!"

"Èmi náà ń jẹun."

"Lójú ìrora, Kábíyèsí! Aláìsàn ń ké, wọ́n ń lá ọbẹ̀. Ẹ ṣòfin: bí aláìsàn kan bá ti ké, kí gbogbo nọ́ọ̀sì sáré wá, kí wọ́n má padà sídìí oúnjẹ títí igbe á fi dákẹ́. Nọ́ọ̀sì gidi kì í mọ ebi." Ó nu ojú. Omijé kankan ò sí níbẹ̀, àmọ́ ó nù ún dáadáa.

Kìnnìún ro ti eyín rẹ̀, ó ní, "O sọ òótọ́." Òfin jáde.

Nígbà náà, Erin wà lórí ẹní nílé ìwòsàn, kò rí ìgbẹ́ yà. Ohun tí Erin ń bẹ̀rù láyé kò pọ̀: iná, àti akèrègbè ọlọ́rùn gígùn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gba ìdí rọ omi oògùn sínú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Òkété mọ̀. Ó gbẹ́ ihò láti ìdí ẹní Erin wọ inú ahéré. Ọ̀sán pọ́n, ó rọra dé etí Erin.

"Bàbá Erin."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ń fọ akèrègbè o."

"YÉÈÈÈ!"

Ewé igi já bọ́. Ẹfọ̀n sáré dé. Àgbọ̀nrín ju òkèlè sílẹ̀, òun náà sáré dé.

"Bàbá, níbo ló ń dùn yín?"

"Kò tíì dùn mí, àmọ́ ó máa dùn mí!"

Kí wọ́n tó pẹ̀tù sí Erin nínú, Òkété ti yọ nínú ahéré, ó ti kó dòdò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó kó ẹja sí tòsì, ó ti wọlẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì padà, abọ́ ń dán bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tó yá, Àgbọ̀nrín ń di ògiri mú rìn.

"Ìyá Ẹfọ̀n," ó ní, "ọmọ inú mi ò ta mí nípàá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀."

Ẹfọ̀n tọ ọba lọ. "Kábíyèsí, ẹ dá àsìkò oúnjẹ wa padà. Òòyì ń kọ́ Àgbọ̀nrín, ọmọ inú rẹ̀ sì ń fẹ́ oúnjẹ."

Òkété yọjú lẹ́yìn ìtẹ́. "Ṣé nọ́ọ̀sì ni yín ni, àbí ìyàwó ọ̀ṣìngín?"

"Òfin ti jáde," Kìnnìún ní. "Ó dọ̀la, mò ń bọ̀ nílé ìwòsàn kí Àgbọ̀nrín yọ eyín mi."

Ilẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ náà, Ẹfọ̀n pinnu pé Erin máa gba akèrègbè lóòótọ́, ó sì rán Àgbọ̀nrín lọ gbé oògùn kaná lẹ́yìnkùlé. Ọ̀sán pọ́n, Òkété sọ̀rọ̀ sí Erin létí bó ṣe máa ń ṣe, ó gba inú ihò lọ. Erin gbórí sókè, ó gba ojú fèrèsé rí akèrègbè. Kò ké. Ó sáré jáde tòun ti férémù ilẹ̀kùn lọ́rùn. Ẹfọ̀n gbá tẹ̀lé e.

Òkété padà dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ó bá ẹní tó ṣófo. Aṣọ ìbora Erin fẹ̀ tó oko. Ó wọ abẹ́ rẹ̀ kó lè rọra jẹun. Kìnnìún wọlé, ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń dúró de ẹni tó máa yọ eyín rẹ̀. Àgbọ̀nrín náà wọlé pẹ̀lú akèrègbè. Gbogbo ilé ń yí lójú rẹ̀. Ó rí nǹkan aláwọ̀ eérú lábẹ́ aṣọ.

"Bàbá Erin, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kọjú sógiri."

Ojú Òkété yọ síta.

"Háà, bàbá, ẹ mà ti rù o!"

"Mmm-mm!"

Nọ́ọ̀sì rere ni Àgbọ̀nrín. Kì í fọwọ́ kan aláìsàn láìbéèrè orúkọ rẹ̀. "Bàbá, ẹ dárúkọ yín fún mi. Ṣé ẹ̀yin ni Erin?"

Òkété ronú. Bó bá lanu, orí ẹja á jáde. Bí kò bá lanu, akèrègbè á wọlé. Ó wo akèrègbè. Ó tọ́ ẹja wò. Ẹja náà dùn. Ó pa ẹnu mọ́.

"Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ sọ̀rọ̀ o."

"Mmm."

"Ó dáa. Ìwọ̀n tí ó tó Erin ni mo gbé wá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, nítorí ọ̀wọ̀.

Ó ti tó. Ẹ wo ibẹ̀ padà. Òkété ti fò dé àjà! Dòdò ń ti ẹnu rẹ̀ jáde bí òkúta kànnàkànnà, ọ̀kan ba Kìnnìún níwájú orí. Orí ẹja balẹ̀ síwájú Ẹfọ̀n, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa Erin wọlé.

"Ẹja mi!" Ẹfọ̀n ké.

"Dòdò mi!" Àgbọ̀nrín ké, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Erin wo akèrègbè tó ti gbẹ. "Ṣé ó ti bá mi gbà á ni? Ọlọ́run á san án fún ọ, Òkété."

Kìnnìún kò rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, ta lo fún lóògùn?"

"Bàbá Erin ni, Kábíyèsí."

"Òkété lo pè ní Erin?"

"Ojú mi ń ṣú, Kábíyèsí. Ó pẹ́ tí mo ti jẹun kẹ́yìn."

Kìnnìún fi ahọ́n ka eyín rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Èwo lo... èwo lo fẹ́ yọ fún mi?"

Àgbọ̀nrín nawọ́ sí etí ọba.

"Ẹ LỌ JẸUN!" Kìnnìún bú ramúramù. "Mo ti pa òfin yẹn rẹ́! Ẹ gbé oúnjẹ wá láti ààfin! Kí Àgbọ̀nrín jẹ, kó sùn, kó jí, kó tún jẹ, kó tó sún mọ́ ẹnu mi!"

Àgbọ̀nrín jẹun. Bó ti ń gbé òkèlè ìkẹyìn mì, ọmọ inú rẹ̀ ta á nípàá pẹ̀ẹ́. Ó fọwọ́ lé inú, ó rẹ́rìn-ín.

Òkété ti sá wọ ihò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ń pariwo láti inú ilẹ̀: "Nọ́ọ̀sì o! Gbogbo yín, ẹ wá!"

Ẹfọ̀n tẹ orí ba sẹ́nu ihò. "Àgbọ̀nrín ń jẹun. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Inú ń run mí."

"Ẹ má mikàn. Akèrègbè wà lọ́wọ́ mi."

Kíá, Òkété fi erùpẹ̀ dí ẹnu ihò. Láti ọjọ́ náà ni Òkété kì í ti í jáde nígbà tí oòrùn bá ń ràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, tí ẹ rí nọ́ọ̀sì tó jókòó ti abọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán. Ara yín ló ń jẹun fún.

Ibi tí mo bá àlọ́ yìí dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi ti Òkété. Bí òótọ́ bá ni, ẹ bu dòdò fún mi.