Ẹ̀rún Irin Nínú Àtàǹpàkò Ògúndìran

Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó lára Ògúndìran, tó máa ń fín ẹyẹ sára ọ̀bẹ oyè lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi.

Ní ọjọ́ tí ìjòyè kan ń bọ̀ wá gba ọ̀bẹ tirẹ̀, ẹ̀rún irin wọ àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Ògúndìran, kò sì lè di irinṣẹ́ mú mọ́. Ó fi ọwọ́ òsì mú abẹ́rẹ́, ó tẹjú mọ́ awò, ó ń wá irin náà kiri. Ihò nìkan ló rí gbẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Adùkẹ́, ẹ jẹ́ n pe Akínwándé."

"Akínwándé tí mo kọ́ níṣẹ́?"

"Òun náà ni. Àbí ìdajì ẹyẹ lẹ fẹ́ gbé fún ìjòyè?"

Akínwándé dé, ó fa àtàǹpàkò náà sábẹ́ awò. "Ọ̀gá, ṣé kànga lẹ̀ ń gbẹ́ ni?" Kí ọ̀gá tó fèsì, irin ti jáde.

Nígbà tí ìjòyè dé, ẹyẹ ti pé tìyẹ́tìyẹ́. Ó yẹ ọ̀bẹ náà wò títí. "Ta ló fín èyí?"

"Èmi ni, Olóyè," Ògúndìran dáhùn, ó na àtàǹpàkò rẹ̀ tó gbọgbẹ́ sókè. "Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ fín èmi."