Oko Tí Àwọn Ìràwọ̀ Kò Rí

Nígbà láéláé, kí òru tó mọ ibi tí yóò jókòó sí, agbo ilé kan ṣoṣo ni gbogbo ìràwọ̀ ń gbé. Wọ́n sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnìkan lè na ọwọ́ mú ẹ̀yinná lọ́dọ̀ ẹnìkejì láìdìde.

Àgbẹ̀ ni wọ́n. Àárò ni wọ́n sì ń ṣe: lónìí, gbogbo wọn á kọ ebè ní oko ẹnìkan, lọ́la, wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá sí oko ẹni ni wọ́n tún máa ń báni gbin pèrègún sí ààlà, kí oko ẹni má baà wọ ti aládùúgbò.

Obìnrin kan wà nínú àárò náà tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí rí. Àìrí ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọn á gbọ́ bí ọkọ́ rẹ̀ ṣe ń ha ilẹ̀. Wọn á rí ebè kan tí ń ga fúnra rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, igbá omi á gbéra, á tẹ̀, á padà sílẹ̀.

Nígbà tí àárò fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí, ó ku Àìrí nìkan. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ó kàn mí o," ni ó wí. "Bí òjò bá dé kí n tó kọ ebè, n kò ní rí nǹkan gbìn lọ́dún yìí."

"Níbo ni oko rẹ wà?" ni Àgùàlà, àgbà wọn, béèrè.

"Kò jìnnà, bàbá. Bí ẹ bá dé ìdí ìrókò, ẹ má lọ síwájú, ẹ má padà sẹ́yìn. Ẹ má yà sọ́tùn-ún, ẹ má yà sósì. Ẹ má gòkè, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà tó bá kù, ẹ gbà á."

Wọ́n gbé ọkọ́ lé èjìká. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ìrókò, wọ́n dúró, wọ́n ń wo ara wọn.

"Èwo ló wá kù?" ni Títàn béèrè, obìnrin tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Àgùàlà. Ó yí síbí, ó yí sọ́hùn-ún, ó forí gbá Àgùàlà.

"Títàn, ṣé orí mi ni ọ̀nà náà gbà kọjá ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ibí ni mo wà!" ni Àìrí ń pè. "Ẹ̀gbẹ́ yín gan-an nìyí!"

Ohùn náà sún mọ́ wọn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí wọn létí, síbẹ̀ wọn kò mọ apá ibi tó ti ń wá. Ojú ti Àgùàlà pé àgbà bíi tirẹ̀ kò mọ̀nà. Ni inú bá bí i.

"Kò sí oko kankan níbí," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Wọ́n lọ. Òjò sì dé.

Àìrí nìkan ló kọ ebè rẹ̀ nínú òjò. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bá a gbin pèrègún, nítorí náà kò mọ ibi tí oko òun parí sí. Ó kọ ebè gba àárín ilé Títàn àti ti Àgùàlà. Ó kọ ọ́ gba àárín gbogbo ilé. Bí ó ti ń kọ ọ́ ni ilẹ̀ ń fẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, Títàn na ọwọ́ láti mú ẹ̀yinná. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni. Òkùnkùn ló wà níbẹ̀.

"Bàbá o! Níbo lẹ lọ?"

"N kò lọ síbì kankan! Ìwọ ńkọ́?"

Ohùn Àgùàlà ti ń jìnnà. Ilé rẹ̀ ń yọ̀ lọ bí ọkọ̀ ojú omi tí okùn rẹ̀ já, ó sì fẹ́ já bọ́. Àgùàlà figbe ta. Nígbà náà ni ọwọ́ kan dì í mú. Kò rí ọwọ́ náà, ó kàn mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yi níbi tí ẹ̀rúkọ́ máa ń ha ni.

"Àìrí, ìwọ ni? Kí ló dé tí o dì mí mú, lẹ́yìn ohun tí a ṣe fún ọ?"

"Bí ẹ bá ṣubú, ta ni yóò wá sí oko mi?" ni ohùn náà dáhùn. "Ọjọ́ mi ṣì kù lọ́wọ́ yín."

Àgùàlà fẹ́ tọrọ àforíjì. Ó kọjú síbí, ó kọjú sọ́hùn-ún. Kò mọ ibi tí òun ì bá dojú kọ.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ìràwọ̀ ti jìnnà síra wọn, tí òkùnkùn wà láàárín wọn, síbẹ̀ tí wọn kò já bọ́, nítorí ọwọ́ Àìrí dì wọ́n mú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣẹ́jú títí dòní: wọ́n ń wo ìhín, wọ́n ń wo ọ̀hún, ọkọ́ wà léjìká wọn, wọ́n ń wá ọ̀nà kan tó kù.