Ìjàpá àti Ẹ̀rọ tí Kò Kọrin fún Ìyá Àwẹ̀ró

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ṣé ẹ ti sùn ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó gba ẹ̀yìnkùlé Ìjàpá kọjá, ó jí ẹja jẹ níbẹ̀, ó wá lọ jókòó sójú fèrèsé ìyá kan tó ń retí ohùn.

Ní ìgbà kan rí, nínú ìlú àwọn ẹranko, Etu kan wà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, nítorí náà Ìyá Àwẹ̀ró ni gbogbo ìlú ń pè é. Àwẹ̀ró yìí lóhùn. Bó bá ń kọrin létí odò, ẹja á yọrí wò ó. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́, ẹja ló sọ ọ́.

Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró ríṣẹ́ sí ìlú etíkun. Ibẹ̀ jìn débi pé ẹyẹ tó bá ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ sùn lọ́nà. Kó tó lọ, ó ra ẹ̀rọ kan wá fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ náà rí roboto bí ìkòkò ọbẹ̀ kékeré. Kò léyín, kò lọ́fun, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó sì ń kọrin. Gbóhùn ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, iná kékeré aláwọ̀ aró á tàn lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ló ń tẹ́tí.

Àwẹ̀ró kọ orin kan sínú ẹ̀rọ náà, ó gbé e sójú fèrèsé.

"Ìyá mi, oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́."

"Ìgbà wo lo máa dé?"

"Tí iṣu tuntun bá ta, ẹ máa rí mi. Ẹ bá mi gbin èyí tí mo máa jẹ o."

Ọkọ̀ ti ń fọn fèrè. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó lọ.

Ilé wá dákẹ́. Ẹ mọ bí ilé ṣe máa ń dákẹ́ tí ẹni tó ń pariwo níbẹ̀ bá ti lọ? Ìyá á gbálẹ̀, ìró ìgbálẹ̀ nìkan ni á gbọ́. Á bu oúnjẹ sínú àwo méjì kó tó rántí.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó dúró síwájú ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Gbóhùn, ẹ káàárọ̀ o."

Iná tàn, aláwọ̀ aró.

"Ṣé ẹ jí dáadáa? Oòrùn àná kò mú jù? Àwọn ará ilé yín ńkọ́, àwọn tó rọ yín? Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu, orin Àwẹ̀ró ni mo fẹ́ gbọ́."

Iná ti kú láti orí "àwọn ará ilé yín". Ẹ̀rọ ò kọrin.

Ó tún un ṣe lọ́sàn-án. Ó tún un ṣe nírọ̀lẹ́. Gbóhùn dákẹ́.

Ehoro, aládùúgbò rẹ̀, wá wò ó. "Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn." Wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn. Ìyá pè é, ó kí i pé ó kú àjíǹde, ó béèrè bí ọ̀nà ọ̀run ṣe rí. Iná kú.

Pẹ́pẹ́yẹ ní eruku ló dí i létí. Wọ́n fi aṣọ nù ún. Ìyá pè é, ó kí i kú ìwẹ̀. Iná kú.

"Ìyá," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí, "ẹ ò ṣe kàn pàṣẹ fún un?"

"Háà! Ohùn ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀. Kí n kàn dúró lé e lórí, kí n máa pàṣẹ láì kí i? Ṣé ẹran igbó ni mí ni?"

"Rárá o," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí, ó sì wolẹ̀.

Ohun tó ń dun ìyá jù ni pé ohùn Àwẹ̀ró ti ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ṣì ń rántí bí ẹ̀rín ọmọ náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Kò rántí bó ṣe máa ń parí mọ́.

Ọjọ́ kan ni Ìjàpá ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé. Ó gbọ́ "Gbóhùn, ẹ káàárọ̀ o." Ó na ọrùn. Ó rí iná tó tàn. Ó rí i tó kú nígbà tí ìyá ṣì ń béèrè ará ilé. Ọ̀rọ̀ yé e lójú ẹsẹ̀: ẹ̀rọ yìí kì í dúró gbọ́ ìkíni. Orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó parí.

Ẹni tó dáa ì bá sọ fún ìyá. Ìjàpá kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ kú àárò ọmọ o. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ yín ń yan odì."

"Ìjàpá, ó ti sú mi."

"Ebi ló ń pa á."

"Wọ́n ní oòrùn ló ń jẹ."

"Oòrùn lásán? Ẹ̀yin náà, ṣé omi nìkan lẹ ń mu? Ẹ gúnyán. Ẹ se ọbẹ̀ sí i, kí ẹja hàn nínú rẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé e síwájú Gbóhùn, kí ẹ jáde. Ojú ń tì í láti jẹun níwájú obìnrin. Èmi á dúró tì í, màá máa bá yín bẹ̀ ẹ́."

Ìyá gúnyán. Ìyá jáde. Ìjàpá ti ilẹ̀kùn. Ó jẹ iyán, ó lá àwo, ó nu ẹnu. Ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé: "Gbóhùn, kọ orin Àwẹ̀ró."

Ẹ bá mi gbè é o, ọmọ tí kò bá gbè é, òun ló máa fọ àwo lọ́la:

Ìyá mi, ẹ nu omijé nù,
*Òjò ń bọ̀, iṣu á ta.*
Ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ ò gbàgbé,
*Òjò ń bọ̀, iṣu á ta.*
Ẹ bu tèmi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹun,
*Òjò ń bọ̀, iṣu á ta.*

Níparí orin, Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín díẹ̀. Níta, ìyá fi orí ti ògiri. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń parí! Ó sunkún, ó sì jó díẹ̀, ẹsẹ̀ kan, torí èkejì ń dùn ún.

Láti ìgbà yẹn, bí àárò bá ti mú ìyá, á ránṣẹ́ pe Ìjàpá, iyán á délẹ̀. Àárò ìyá ò sì lásìkò. Ìjàpá sanra débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fẹ́ kanlẹ̀ mọ́. Ẹ ti rí ìjàpá tó ń yí lọ bíi bọ́ọ̀lù rí? Ẹ̀yin ò tíì rí nǹkan kan láyé.

Iṣu inú àká tán. Ó ku àwọn tí ìyá yà sọ́tọ̀ fún gbígbìn.

"Ìjàpá, mi ò lè gún èyí. Iṣu tí mo máa fi pàdé ọmọ mi ni."

Ìjàpá wo iṣu náà. Itọ́ kún un lẹ́nu. "Ìyá, èwo lẹ fẹ́? Iṣu tí kò tíì ta, àbí ohùn tí ẹ máa gbọ́ lónìí? Ẹ gún gbogbo rẹ̀. Tí Gbóhùn bá yó tèyí, kò ní béèrè mọ́."

Ìyá jókòó ti àwọn iṣu náà pẹ́. Ó fọwọ́ pa wọ́n bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Nígbẹ̀yìn ó mú ọ̀bẹ. Ó gé orí iṣu kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ó tò wọ́n sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyókù ló gún.

Òjò ti ń ṣú nígbà tó gbé iyán wọlé, èéfín ń yọ lórí rẹ̀. Ó jáde. Kò pẹ́, ààrá sán.

"Ìjàpá!" ó pariwo láti ìta. "Jẹ́ kó kọrin kí òjò tó dé! Tí òjò bá dé, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Àbí kí n wọlé wá bẹ̀ ẹ́ fúnra mi?"

Ẹ̀rù ba Ìjàpá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ni. "Gbóhùn," ó ní. Iná tàn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sórí òkèlè ńlá tó ti gé. Ó ní kóun kọ́kọ́ sọ ọ́ sẹ́nu ná.

"Họ ohin Ahẹ̀hó."

Ẹ̀rọ dáhùn ketekete: "Ẹ forí jì mí, n kò gbọ́ ohun tí ẹ wí."

"Ohin! Ahẹ̀hó!"

"Ẹ forí jì mí, n kò gbọ́ ohun tí ẹ wí."

Ìyá gbọ́ ọ níta. Ó dúró. Tó bá jẹ́ Gbóhùn ló ń jẹun, ẹnu ta ló wá kún?

Ìjàpá gbé òkèlè náà mì lódidi. Ó jó o ní gògóńgò, ó jó o délẹ̀ ikùn. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi gbogbo agbára kígbe: "GBÓHÙN! KỌ ORIN ÀWẸ̀RÓ!"

Orin bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ìyá wo àwo. Ó wo ẹ̀rọ tí kò léyín. Ó wo epo tó ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ Ìjàpá.

"Ìjàpá, ṣé Gbóhùn ló fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ nu ọwọ́ ni?"

Ìjàpá la ẹnu kó purọ́. "Hììì," ló jáde. Ó tún un là. "Hììì." Iyán gbígbóná ti bá ohùn rẹ̀ lọ.

"Gbólóhùn kan péré," ìyá wí. "O jẹ gbogbo àká mi nítorí gbólóhùn kan tó o lè sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà."

Ìjàpá fẹ́ sá. Ilẹ̀kùn ò gbà á. Ehoro àti Pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n gbọ́ ariwo náà, ló wá tì í láti ẹ̀yìn títí ó fi yí bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Ó wá ku ìyá nìkan pẹ̀lú ẹ̀rọ. Orin ti parí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó la ẹnu láti kí i. Ó pa á dé. Ó le fún un, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó le fún un gan-an.

"Gbóhùn, kọ orin Àwẹ̀ró."

Iná tàn. Ohùn ọmọ rẹ̀ kún ilé. Ó gbọ́ ọ títí dé ẹ̀rín tó wà níparí. Lẹ́yìn náà, ó kí i. "Ẹ ṣeun o. Ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ńkọ́ lọ́hùn-ún? Ṣé ó ń jẹun?"

Iná ti kú. Ìyá ṣì dúró díẹ̀, bóyá á dáhùn.

Nígbà tí òjò dá, ó kó orí iṣu tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó lọ gbìn wọ́n sábẹ́ fèrèsé, níbi tí orin náà ń dé.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá sọ àárò ẹlòmíràn di oúnjẹ, ohùn ara rẹ̀ ni yóò gbé mì. Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá ò fi lè pe ẹnikẹ́ni títí dòní. Ẹ tẹ karawun rẹ̀, "hììì" lẹ máa gbọ́. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí mo bá pè lọ́la má dá mi lóhùn.

Ta ló ń béèrè bóyá Àwẹ̀ró dé?

Iṣu ṣì wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ta ná.