Ewúrẹ́ Tó Ń Jẹ́ Àwẹ̀ró

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ìwọ tó ń jẹ bisikíìtì lẹ́yìn yẹn, gbé e sílẹ̀, àlọ́ tìẹ gan-an ni mo fẹ́ pa. Àlọ́ mi gba ẹ̀yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan kọjá, ó bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìbídùn.

Ìlú ńlá ni Ìbídùn ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, kò sì sẹ́ni tó lè bá a sáré ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá rẹ̀ á ti lọ ẹ̀wà, á pọ́n mọ́ínmọ́ín séwé, á fi ẹyin sí i. Á gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, á pe oríkì rẹ̀: "Àwẹ̀ró mi, jẹ ẹ́ tán o."

Ṣùgbọ́n ojú ń ti Ìbídùn. Mítì páì làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rà. Ta ni yóò máa tú ewé láàárín wọn? Bó bá dé ẹ̀yìn ọgbà, á wọ̀tún, á wòsì, á sín ìyá rẹ̀ jẹ, á fi oríkì ara rẹ̀ pe ewúrẹ́ kan. Ẹ bá mi gbè é:

Àwẹ̀ró mi, wá jẹun,
— Kẹ́rẹ́ tẹ̀ntẹ̀!
Bá mi jẹ ẹ́ tewétewé,
— Kẹ́rẹ́ tẹ̀ntẹ̀!
Kí ìyá mi má gbọ́ o,
— Kẹ́rẹ́ tẹ̀ntẹ̀!

Ewúrẹ́ á jẹ mọ́ínmọ́ín, á jẹ ewé mọ́ ọn. Ìbídùn á lọ jẹ bisikíìtì, á fi ẹlẹ́rìndòdò tì í wálẹ̀. Bó bá délé, ìyá á ní, "Àwẹ̀ró, ṣé o jẹun?"

"Mo jẹ ẹ́ tán, mà. Ó dùn gan-an."

Ewúrẹ́ ń sanra, ó ń dán yinrin. Ìbídùn ń rù, òòyì ń kọ́ ọ. Ìyá rò pé oúnjẹ òun ni kò tó, ó bá tún fi ẹja kún un.

Ọjọ́ eré ìje pé. Ìyá gbé kúlà mọ́ínmọ́ín wá, ó jókòó síwájú. Fèrè dún, fíìì! Ìbídùn sáré, ó sáré, ó kù díẹ̀ kó dé òpin ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Ìyá dìde, ó figbe ta: "Àwẹ̀ró o! Àwẹ̀ró mi!"

Ta ló dáhùn? Ewúrẹ́! "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ó fo ọgbà, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìbídùn kọjá fìrì, ó já okùn òpin eré, ó forí ti itan ìyá. Ìbídùn ṣubú gbì. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ni ewúrẹ́ bá lanu, ó fi ohùn Ìbídùn kọrin:

Àwẹ̀ró mi, wá jẹun,
— Kẹ́rẹ́ tẹ̀ntẹ̀!
Bá mi jẹ ẹ́ tewétewé,
— Kẹ́rẹ́ tẹ̀ntẹ̀!
Kí ìyá mi má gbọ́ o,
— Kẹ́rẹ́ tẹ̀ntẹ̀!

Ẹ̀rín dá. Ìyá wo ewúrẹ́ tó sanra, ó wo ọmọ tó rù. Kò nà án, kò bú u. Ó mú mọ́ínmọ́ín kan jáde. "Àwẹ̀ró ti di méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Èwo ni kí n gbé e fún?"

Ojú ti Ìbídùn bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ó fi orúnkún rìn wá, ó tẹ́wọ́ méjèèjì. "Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́." Ó tú ewé náà lójú gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ, ó ń sunkún. Títí dòní, bí ìyá rẹ̀ bá pe Àwẹ̀ró, ewúrẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn.

Ibi tí àlọ́ mi rìn dé nìyẹn, ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ohun tó kọ́ wa ni pé ká má ṣe jẹ́ kí ojú oúnjẹ gidi tì wá nítorí ẹgbẹ́, ká má sì parọ́ fún ẹni tó ń bọ́ wa. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ewúrẹ́ jẹ oúnjẹ alẹ́ mi.

Ìwọ, bisikíìtì yẹn dà?