Ẹni tó júwe ilé tí kò ṣílẹ̀kùn

"Ẹni tó júwe ilé tí kò ṣílẹ̀kùn, ìta náà ló mú àlejò dé." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pa á ní agboolé wa, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á mi orí bí ẹni pé àwọn tó tẹ ìlú dó ló fi í sílẹ̀ fún wa. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Òwe náà kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìṣojú mi ni wọ́n ti kọ́kọ́ pa á, kọ̀ǹpútà ló sì fà á.

Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Oyèwùmí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọkùnrin náà kì í sọ nǹkan nù. Gbogbo fọ́tò ẹbí àti gbogbo ohùn tó fi fóònù gbà sílẹ̀ ló kó sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà lásán ni fóònù fi sọ àwọn ohùn náà lórúkọ, wọ́n sì lé ní irinwó. Ta ni yóò mọ ohùn ta ni èwo? Ni Tinúọlá ọmọ rẹ̀, tó ń gbé ní Àkúrẹ́, bá ṣe ìwé kan sínú kọ̀ǹpútà náà fún un. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí ló ní ojú-ewé tirẹ̀ níbẹ̀. Bí Bàbá bá tẹ orúkọ ẹnì kan, ìwé náà yóò lọ mú fọ́tò tàbí ohùn onítọ̀hún jáde láti inú àpò tí wọ́n kó wọn sí. Nígbà tí Tinúọlá wálé lọ́dún Àjíǹde, òun àti bàbá rẹ̀ jọ gbọ́ àwọn ohùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì so wọ́n mọ́ ojú-ewé àwọn tó ni wọ́n.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Màmá Àwẹ̀ró, ìyàwó Bàbá, pé àádọ́rin ọdún. Ó ní òun kò fẹ́ aṣọ, òun kò fẹ́ àpèjẹ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, oríkì ló fi máa ń jí i láràárọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọdún kẹta sì rèé tí ìyá náà ti kú. Ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù, ó wà lára irinwó tó wà lọ́wọ́ Bàbá. Ohun tí Màmá fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

"Àwẹ̀ró, fọkàn balẹ̀," ni Bàbá wí. "Mo mọ ibi tó wà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wa jókòó sí pálọ̀. Bàbá ṣí ìwé náà, ó gbé ohùn ọ̀gá ilé-ìwé sókè, ó kà á sí wa létí: "Ohùn Ìyá wà níbí." Ó tẹ̀ ẹ́. A ò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀. Màmá rọra béèrè pé, "Àbí ó ti sọnù ni?" Kí n má parọ́, omi bọ́ lójú mi.

Bàbá pe Tinúọlá lórí fóònù.

"Bàbá mi, ṣé kọ̀ǹpútà bi yín ní nǹkan kan?"

"Ó bi mí. Ó ní ṣé kí òun jẹ́ kí ìwé náà wọ inú àpò ohùn. Mo ní rárá! Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa ní ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì: ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà bá béèrè, ká ní rárá, torí àwọn gbájúẹ̀."

"Ẹ gbà mí o! Bàbá, ìwé tí a jọ fọwọ́ ara wa tò lẹ tì mọ́ta yẹn! Lọ́dún Àjíǹde, èmi ni mò ń dá a lóhùn. Tí ẹ ò bá ní kó wọlé, kò lè wọlé."

Ẹ̀rín pa Màmá, bí ojú rẹ̀ ṣe kún fún omi tó. Ó ní, "Bàbá Tinú, ẹ júwe ilé ìyá mi títí, ẹ ò ṣílẹ̀kùn. Ìta náà lẹ mú mi dé."

Bàbá tún ìwé náà ṣí. Nígbà tí ìbéèrè yọjú, ó wò yíká bí ẹni ń wá gbájúẹ̀ nínú pálọ̀, ó wá tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

"Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró mi, ṣé o jí ire?"

Lórí ìkúnlẹ̀ ni a bá Màmá. Ìyá ń kì í, òun náà ń dáhùn, "Ìyá mi, mo jí ire, mo wà níbí o," bí ọmọ ọdún méje. Ìgbà tí oríkì parí, ohùn náà tún ní, "Ọkọ ọmọ mi ńkọ́? Oyèwùmí dà?" Kí á tó ṣẹ́jú, ọ̀gá ilé-ìwé ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń kí àna rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pa á lówe: ẹni tó júwe ilé tí kò ṣílẹ̀kùn, ìta náà ló mú àlejò dé. Àwọn àgbà wa máa ń pa á fún ẹni tó ń tọ́ni sí oore ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹni tó o, àti fún ọkọ tó ní òun fẹ́ràn aya òun tí kì í sọ tinú rẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá pa á níwájú Bàbá Oyèwùmí, kì í bínú. Ohun tó máa ń wí ò ju pé, "Èmi ti ṣí tèmi o, àna mi ló dá mi lóhùn."