Bí Òkè-Awùsá Ṣe Fi Ọmọ Aṣẹ́gità Gba Bánkárere

Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ta ni kò gbọ́ òwe yìí rí? Bí ẹnìkan bá ń nu kẹ̀kẹ́ tó ti dógùn-ún bí ẹni ń nu ọmọ tuntun, a ó pa á fún un, a ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni ọmọ aṣẹ́gità yìí? Kí ló sì fẹ́ fi èèpo igi ṣe? Igi ni aráyé ń rà. Èèpo rẹ̀ kò wúlò ju kó máa rú èéfín sí olóbẹ̀ lójú lọ. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnìkan rí nǹkan nínú rẹ̀ tí àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú kò rí. Àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú náà sì pọ̀, ẹ ó pàdé wọn láìpẹ́.

Ní ayé àtijọ́, ìlú méjì kan wà tí odò kan pín níyà, Òkè-Awùsá àti Odò-Àràbà. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti ká àgbàdo tuntun tán, ọkùnrin méje láti ìlú kìíní a bá méje láti ìlú kejì jàkadì. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ti ṣubú nìyẹn. Ààrẹ Oyèwùsì ni olórí àwọn oníjàkadì Òkè-Awùsá, ọ̀já pupa kan ló sì máa ń dì mọ́ ìbàdí tí gbogbo ènìyàn fi ń dá a mọ̀. Òfin ọ̀já náà kò ní àdììtú kankan nínú: Ààrẹ tí ìlú rẹ̀ bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u lójú gbogbo èrò, yóò sì lọ jókòó sáàárín àwọn òǹwòran títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Oyèwùsì ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ohun tó fẹ́ràn láyé tó ọ̀já yìí. Àwọn ìyàwó rẹ̀ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti gba kádàrá.

Àṣà kan tún wà láàárín ìlú méjèèjì. Kí ìkórìíra má baà wọnú eré, wọ́n máa ń ṣe pàṣípààrọ̀ oníjàkadì kan ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ìdíje. Ẹ fún wa ní ọ̀kan, kí a fún yín ní ọ̀kan. Ẹni tó bá sì lọ, ó di ará ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Kò sí aṣiwèrè tó máa fi akọni rẹ̀ ta ọmọnìkejì lọ́rẹ, nítorí náà àwọn ará ẹ̀yìn ni wọ́n ń pààrọ̀, àwọn tó máa ń jókòó sórí ẹní, tí wọ́n ń bu omi fún àwọn tó ń jà, tí wọ́n sì ń retí ọjọ́ tí inú yóò run ẹnìkan kí ààyè lè yọ. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan ni. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Awùsá, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan gan-an ni wọ́n ń pe ìpàdé lé lórí.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, Odò-Àràbà ní àwọn yóò fi Bánkárere sílẹ̀. Bánkárere ga, ó dúdú, àyà rẹ̀ fẹ̀, bó bá sì ń rìn bọ̀, àwọn ọmọge a gbàgbé ohun tí wọ́n wá ṣe lódò. Wọ́n mú un wá sí abẹ́ igi odán kí àwọn onímọ̀ Òkè-Awùsá lè yẹ̀ ẹ́ wò. Baba Fásínà ni olórí àwọn onímọ̀ náà. Bàbá yìí kò bá àkùkọ adìẹ jàkadì rí, ṣùgbọ́n kò sí oníjàkadì tí kò lè ka àṣìṣe rẹ̀ fún ọ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó mú okùn tí wọ́n fi ń wọn oko wá, ó fi wọn ọrùn Bánkárere, ó fi wọn àyà rẹ̀, ó fi wọn itan rẹ̀. Ó ní kó yanu, ó sì ka eyín rẹ̀. Títí di òní olónìí, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí eyín ń wá nínú ìjàkadì.

“Ta ló ti dá a rí?” ni Fásínà bi ìránṣẹ́ Odò-Àràbà.

“Kò tíì sẹ́ni tó dá a rí, bàbá,” ni ìránṣẹ́ náà dáhùn, irọ́ kọ́ ló sì pa.

Abẹ́ igi hó yèè. Àwọn àgbà ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó rántí béèrè bóyá Bánkárere alára ti bá ẹnikẹ́ni jà rí.

Ó wá ku ẹni tí àwọn yóò fi dípò. Ààrẹ Oyèwùsì kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dárúkọ Dúrójayé, ọmọ Àwẹ̀ró aṣẹ́gità. Láàárín ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Dúrójayé jà. Ó ṣubú nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, ó borí, nítorí pé ẹni tó ń bá a jà sáré wọ igbó lọ yàgbẹ́, kò sì padà. Àwọn onímọ̀ jíròrò lórí ìjà kejì yìí títí oòrùn fi yẹ̀ lórí, bóyá kí àwọn kà á sí ìṣẹ́gun tàbí kí àwọn kà á sí àánú. Níkẹyìn Fásínà bi wọ́n pé kí ni ọmọ náà tún mọ̀ ọ́n ṣe.

“Ó ń kó èèpo igi wá sí pápá,” ni ẹnìkan wí, gbogbo wọn sì fi ẹ̀rín parí ìpàdé.

Òótọ́ ni. Bí Àwẹ̀ró bá ti ṣẹ́gi, ó máa ń bó èèpo rẹ̀ kó tó gbé e lọ tà, nítorí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ kò fẹ́ èéfín. Dúrójayé ni í máa ń kó èèpo náà nílẹ̀. Ní àárọ̀, kí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó jí, yóò ti gbé agbọ̀n kan wá sí pápá tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń fi ṣe.

Lọ́jọ́ tí Dúrójayé ń lọ, Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ síwájú Ààrẹ. Ọmọ márùn-ún ló ti sin kó tó bí Dúrójayé, ẹyọ kan tó kù fún un nìyí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ wo ti pé òun nìkan ni mo ní.”

“Ìyá Dúrójayé, dìde,” ni Oyèwùsì wí. “Òdìkejì odò la rán an lọ, a kò rán an lọ sógun. Ìwọ náà á rí i pé a rí èrè jẹ.”

Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni Dúrójayé yọ, ó ru agbọ̀n èèpo igi lórí. Aṣọ kan péré ló mú lọ, ṣùgbọ́n agbọ̀n náà kún dẹ́nu. Ni Ààrẹ bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ́jú sí àwọn onímọ̀ rẹ̀, ó ní, “Ẹ kò rí nǹkan? Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi!”

Dúrójayé dọ̀bálẹ̀ bó ti lè dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. “Bàbá,” ló wí, “ohun tí a ní là ń náání.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní pápá Òkè-Awùsá. Òjò fọ ilẹ̀ náà, oòrùn pa á, ó le gbandi. Olúgbòdì, ẹni tó lágbára jù nínú wọn, ṣubú nídìí ìdánrawò, apá rẹ̀ yẹ̀. Ẹlòmíràn fi ìgbáròkó lulẹ̀, ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rìn bí akàn. Látìgbà náà ni ẹ̀rù ilẹ̀ ti ń bà wọ́n. Wọn a di ara wọn mú jẹ́jẹ́ bí ọkọ àti ìyàwó tuntun, wọn a sì rọra tẹ́ ara wọn sílẹ̀. Fásínà ní ọgbọ́n ìjà tuntun ni, pé ojú òpè ni kò lè rí i. Ní ti Bánkárere, otútù àárọ̀ kì í bá a lára mu, nítorí náà ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó fọwọ́ lẹ́rán. Gbogbo ènìyàn sì gbà pé ó dúró dáadáa.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ojúde ọba Odò-Àràbà ni wọ́n lò lọ́dún náà. Àwọn ará Odò-Àràbà jà bí ẹni tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ń dunni. Wọ́n ń fò mọ́ni, wọ́n ń gbé ara wọn sọ. Àwọn ọmọ Oyèwùsì ń wo ilẹ̀ kí wọ́n tó wo ẹni tó wà níwájú wọn. Ẹni àkọ́kọ́ ṣubú, èkejì ṣubú, ẹ̀kẹta náà ṣubú. Ẹ̀kẹrin borí, nítorí pé ẹni tó bá a jà fi ẹsẹ̀ kọ ara rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ṣubú, ẹ̀kẹfà tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n pe Bánkárere láti ṣe èkeje, ó ní ẹ̀gún gún òun lẹ́sẹ̀ lọ́nà. Kò wọ ojú ìjà rárá. Ó kúkú bá orúkọ rere rẹ̀ padà sílé: kò sẹ́ni tó dá a rí.

Dúrójayé kò jà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ló jókòó sí pẹ̀lú kèrègbè omi, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe.

Oyèwùsì dìde. Ó kọ́kọ́ tún ọ̀já náà dì le sí i kó tó rí i tú. Ìtìjú bò ó, omi lé ròrò sí i lójú, kò sì fi pa mọ́. Ó gbé ọ̀já lé àwọn àgbà lọ́wọ́, ó bá ẹ̀yìn ọjà yọ kí ẹnikẹ́ni má baà kí i. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ ilẹ̀ kan tó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ó dúró. Ó tún un tẹ̀. Pápá tí àwọn ará Odò-Àràbà ti ń ṣe ìdánrawò ni. Dúrójayé, tó ti rí i tó ń lọ, sì ti gbé omi tẹ̀ lé e.

“Kí nìyí?” ni Oyèwùsì béèrè.

“Èèpo igi ni, Bàbá. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ènìyàn kì í bẹ̀rù àtiṣubú. Ẹni tí kò bá sì bẹ̀rù àtiṣubú, òun ló ń dá ẹlòmíràn.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún wa?”

Ọ̀rọ̀ náà ya Dúrójayé lẹ́nu. “Ojoojúmọ́ ni mo ń kó o wá, Bàbá. Mo rò pé ẹ̀ ń rí i ni.”

Oyèwùsì nawọ́ sí kèrègbè. Ó gba omi, ó mu ún, ó sì lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn onímọ̀ tún ti pé sábẹ́ igi odán. Fásínà ń ṣàlàyé pé pàṣípààrọ̀ náà kò ní àléébù kankan, pé èsì ìdíje nìkan ni kò bá a mu. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ débì kan tí Oyèwùsì fi kọjá, kò sí ọ̀já ní ìdí rẹ̀, ó ru agbọ̀n èèpo igi láti ilé Àwẹ̀ró. Ààrẹ àná fúnra rẹ̀!

“Háà, Oyèwùsì, kí lò ń fi pàǹtí ṣe?” ni Fásínà wí.

Oyèwùsì kò sọ ẹrù kalẹ̀. “Ohun tí a ní là ń náání,” ló wí, “ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Èmi ni mo fi ìdajì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdajì tó kù, ọmọ náà ló fi dá mi lóhùn, n kò sì gbọ́.”

Ó da èèpo náà sí pápá, ó tẹ́ ẹ kárí. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣubú sórí rẹ̀ fò dìde pẹ̀lú igbe, nítorí pé eteetí rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ó gún un nídìí. Oyèwùsì padà tọ Àwẹ̀ró lọ, ó sì fi ìkúnlẹ̀ ṣe ìdúró.

“Ẹ dákun, Ìyá Dúrójayé, báwo ló ṣe máa ń ṣe é tó fi ń rọ̀? Ṣé rírẹ ni, àbí gígún?”

Àwẹ̀ró ń bó igi lọ́wọ́, kò gbójú sókè. “Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà ní Odò-Àràbà,” ló dáhùn. “Ẹ bi Bánkárere.”

Ibi tí òwe náà ti ṣẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń tọ́jú ohun kékeré tó jẹ́ tirẹ̀, tí àwọn ọlọ́gbọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n máa ń pa òwe yìí láti gbè é lẹ́yìn. Wọ́n tún ń pa á fún ẹni tó fẹ́ fi ti ọwọ́ rẹ̀ gba ohun tó ń dán lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kó lè wo tirẹ̀ dáadáa kó tó fà á kalẹ̀. Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ọdún mẹ́ta pé, Dúrójayé kò padà. Ìyá rẹ̀ ló di ẹrù, ó sì sọdá odò lọ bá a.