Lágbàyí àti Ohùn Igbó Imọlẹ̀

Ní ìlú Ìdó-Ọ̀pẹ̀, baálẹ̀ wà, ìjòyè wà, ṣùgbọ́n ohun tí Lágbàyí bá sọ ni abẹ gé. Òun ni abọrẹ̀ igbó imọlẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi. Bí ó bá júbà lẹ́nu igbó, ohùn ńlá kan a dáhùn láti abẹ́ ewé, bí ìgbà tí igba ènìyàn ń sọ̀rọ̀ pọ̀, gbogbo ìlú a sì dojú bolẹ̀.

Iṣu àkọ́so ni imọlẹ̀ kọ́kọ́ ń gbà. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n máa ro oko Lágbàyí kí wọ́n tó ro tiwọn. Lágbàyí fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tí ohun tí imọlẹ̀ fẹ́ àti ohun tí òun fẹ́ di ọ̀kan náà. Kò sì wádìí.

Lọ́dún kan, ó ránṣẹ́ sí Àwẹ̀ró, opó tó ń mọ ìkòkò, pé imọlẹ̀ fẹ́ kí Mopélọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wá máa sìn nínú igbó títí ayé. Àwẹ̀ró wá, ó kúnlẹ̀.

"Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Imọlẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

"Tí n kò bá mú un wá ńkọ́?"

"Ẹni tó bá kọ̀ tó sì fẹ́ sá, kò ní ré odò ẹ̀yìn ìlú kọjá láàyè."

Obìnrin náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. "Ẹ kú ìjókòó o, Baba."

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì, ó ru ẹrù rẹ̀, ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó wọ odò. Gbogbo ìlú dúró létí omi. Omi dé orúnkún, ó dé ìbàdí. Àwẹ̀ró gòkè lódìkejì, ó fún etí aṣọ rẹ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnikẹ́ni kò bú Lágbàyí. Wọ́n kàn ń lọ ni, agboolé kan lónìí, òmíràn lọ́la. Ó sáré lọ fẹjọ́ wọn sùn lẹ́nu igbó. Ohùn náà dáhùn, ṣùgbọ́n ó ti fúyẹ́. Ohùn alágbẹ̀dẹ tó ti kó lọ, tó máa ń ha, kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rín ìyàwó baálẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Jìnnìjìnnì bo Lágbàyí.

Lọ́jọ́ tí ìdílé tó gbẹ̀yìn lọ, ewúrẹ́ kan kò ké nílùú. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ààrò tutù. Lágbàyí kúnlẹ̀ lẹ́nu igbó lọ́sàn-án gangan, ó kígbe pé, "Imọlẹ̀, pa wọ́n!"

Ohùn kan dáhùn, tín-ín-rín: "Pa wọ́n!"

Ohùn ara rẹ̀ ni.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Kò dúró mọ́. Ó sáré ré odò kọjá títí ó fi dé abúlé tuntun tí àwọn ará ìlú tẹ̀ dó. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ rí i.

"Ẹ káàbọ̀, Baba. Imọlẹ̀ ńkọ́?"

Lágbàyí wolẹ̀ níwájú amọ̀kòkò. "Ẹ̀yin ará ìlú ni," ó ní. "Àṣé ẹ̀yin náà ni."

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé: bí ènìyàn kò sí, imọlẹ̀ kò sí.